Ọ̀yọ́-Ilé Ni A Ní À Ń Lọ, Máàpù Ni A Bá Lára Ògiri

Bí ẹ bá gbọ́ pé tíṣà kan kó gbogbo ará ilé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní Bẹyẹrunka, tí ó ní òun ń mú wọn lọ wo Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó sì jẹ́ pé Ọ̀yọ́ Àtìbà ni ọkọ̀ náà já wọn sí, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni náà lọ jìnnà. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rín ní agboolé wa nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, ìtìjú kò jẹ́ kí n lè gbé ojú sókè wo ìyá mi.

Ní agboolé tiwa, kò sí ọmọ tí a kì í kì ní òwúrọ̀, kò sì sí oríkì tí kì í kọ́kọ́ lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé kí ó tó padà wá sí Ìbàdàn. Ìyá mi ni ó mọ̀ ọ́n kì jù. Ó ti lé ní 70 ọdún nígbà tí mò ń sọ yìí, síbẹ̀ kí oòrùn tó yọ ni yóò ti kì gbogbo wa tán, tí yóò gbé igbá rẹ̀, ó di Ọjà'ba. Ẹran ìgbẹ́ yíyan ni ó ń tà, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ni ó sì ti gba òwò náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 8, bi í pé, "Ìyá àgbà, Ọ̀yọ́-Ilé tí ẹ máa ń pè yìí, ṣé ẹ ti dé ibẹ̀ rí?"

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "N kò dé ibẹ̀ rí. Ìyá tí ó bí mi náà kò dé ibẹ̀. Bàbá yín ni ó kàwé, ẹ sọ fún un kí ó mú wa lọ."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe já lé mi lọ́rùn nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ agboolé wa nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Ọjà'ba, ẹ mọ̀ pé Ọjà Ìba ni a gé kúrú bẹ́ẹ̀, àti pé Ìba náà ni Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà ní ìdúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ti ń jó o lẹ́sẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ó fi tú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó sá kúrò níbẹ̀ àti ní àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ ni ó wọ Ìbàdàn wá, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n bí àwọn tí ó bí wa. Nítorí náà, bí ará Ìbàdàn bá ní òun fẹ́ lọ wo Ọ̀yọ́-Ilé, kì í ṣe ìgbafẹ́ lásán ni ó ń bá lọ.

Mo mọ̀ pé inú igbó ìjọba àpapọ̀ ni àwókù ìlú náà wà, igbó tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. Mo sì ti kà á pé ọ́fíìsì àgbà igbó náà wà ní Ìsokùn ní ìlú Ọ̀yọ́, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo wá ṣe ìṣirò lọ́kàn ara mi pé bí ọ́fíìsì bá wà ní Ìsokùn, ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni igbó yóò wà. Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Jọ́gíráfì ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Sányán àti obì

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2019 ni a mú, ní ìgbà ìsinmi Àjíǹde. Mo háyà kóròpe kan. Ìyàwó mi ti jí láti aago mẹ́rin, ó din àkàrà, ó se ìrẹsì, ó rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú ọkọ̀ kí awakọ̀ tó fọ ojú tán. Ẹni tí a ń dúró dè ni ìyá mi.

Nígbà tí ó yọ, sányán ni ó wọ̀. Sányán tí ó wọ̀ kẹ́yìn ní ọjọ́ tí a sin bàbá mi. Ó wé gèlè, ó sì so obì àbàtà mẹ́rin mọ́ etí ìró rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, igbó ni à ń lọ o. A kò lọ sí ìgbéyàwó."

Ó ní, "Ìwọ ni ò ń lọ sí igbó. Ilé bàbá mi ni èmi ń lọ."

A gba Bẹẹrẹ jáde. Àwọn ọmọ juwọ́ sí Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè rẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí ó jẹ́ pé títí di ọjọ́ náà, òun ni ohun tí ó dàgbà jù lọ lójú wọn ní gbogbo ayé. Òjóò, Mọ́níyà, Ìrókò, Fìdítì, Ìlọràá: n kò ní fi ọ̀nà tí ẹ mọ̀ dá yín dúró. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tán tí a fi dé Ìsokùn.

Ẹ̀ṣọ́ igbó kan nínú aṣọ iṣẹ́ wọn jáde sí wa. Kò tíì pé 40 ọdún lójú tèmi. Bí ó ti rí ìyá mi, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ọ̀nà o." Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbọn aṣọ mi, mo fi ohùn ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ sọ pé, "Ọ̀yọ́-Ilé ni a wá wò. Ẹnu ọ̀nà wo ni kí a gbà wọlé?"

Ọkùnrin náà wo kóròpe wa. Ó wo sányán ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀rín náà le. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó ara ilé yín wọlé ná, kí ẹ jókòó."

Ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò ni ó mú wa wọ̀. Àwòrán àwọn ẹranko wà lára ògiri, agbárí àti ìwo wà lórí tábìlì, máàpù ńlá kan sì wà tí ó gba ògiri kan tán. Iwájú máàpù yìí ni ó dúró sí. Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá.

"Ọ̀yọ́ nìyí, ibi tí a wà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìka rẹ̀ gòkè. "Ìsẹ́yìn nìyí. Ẹ̀gbẹ́ ibí ni Ṣakí. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nìyí, Ìgbòho, Kìṣí." Ìka náà ṣì ń lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí máàpù. "Ìgbẹ̀tì nìyí. Apá ibí yìí ni wọ́n ti ń wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ yóò sun Ìgbẹ̀tì, yóò gba ẹ̀ṣọ́ dání, yóò wá ọkọ̀ tí ó lágbára, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò sì lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí."

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀. Ìyá mi a máa fi oríkì mi pè mí lójoojúmọ́ ayé. Lọ́jọ́ náà, ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà." Ó mọ síbẹ̀. Kò fi nǹkan kan lé e.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí tábìlì

Ẹ̀ṣọ́ náà ni ó yọ mí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí a ti dé, kí a má ṣe padà lọ́wọ́ òfo. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú máàpù. Ìwọ̀n igbó náà jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Àwọn ọmọ mi kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, nítorí náà mo bá wọn ṣírò rẹ̀ pé ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. (Ó kéré tán, iṣẹ́ mi wúlò níbẹ̀.) Ó ní odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, àti pé omi odò yìí kan náà ni wọ́n ń fà ní Akútè lọ sí Àdìyàn, tí wọ́n ń sẹ́ fún àwọn ará Èkó mu. Bí igi etí odò bá tán lókè, ẹrẹ̀ ni ará ìsàlẹ̀ yóò máa bù.

Ó ní kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń pààlà igbó náà. Ọdún 1936 ni wọ́n pààlà apá òkè odò Ògùn, 1941 ni ti Ọ̀yọ́-Ilé, nígbà ayé ìjọba òyìnbó. Ní 1952 méjèèjì di ibi ìpamọ́ ẹranko. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ so wọ́n pọ̀, tí wọ́n fi òfin gbà á.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àwòrán ẹranko. Ẹfọ̀n, ìgalà, ìmàdò, ọ̀nì, ìjímèrè. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹran kan tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òrí pa á, tí ìwo rẹ̀ ká rọra sẹ́yìn, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní rárá. Ó ní, "Egbin nìyí." Àkọ́bí mi obìnrin, ẹni ọdún 15, pariwo pé, "Ẹranko ni egbin?" Gbogbo ìgbà tí a ń sọ fún un pé ó dára bí egbin, ó rò pé ohun ọ̀ṣọ́ kan ni. Kí n sọ òótọ́ fún yín, èmi náà kò rí egbin rí ṣáájú ọjọ́ náà. A ń fi orúkọ rẹ̀ yin ọmọ, a kò mọ ojú rẹ̀.

Ìyá mi kò wo àwòrán. Orí tábìlì ni ojú rẹ̀ wà, lára àwọn ìwo. Ó mú ọ̀kan, ó yí i wò lọ́wọ́ bí ẹni ń yẹ ọjà wò, ó ní, "Ìgalà. Akọ ni. Kò tíì dàgbà." Ẹ̀ṣọ́ náà yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n, Màmá?"

"Òun ni mò ń tà."

Ilé náà pa lọ́lọ́. Ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ bí ìyálọ́jà Ìbàdàn ti ń sọ̀rọ̀ bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ni ẹ ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tí ń mú ẹran wá fún wa. Ẹ̀yin ni ẹ ń tì wọ́n mọ́lé. Ilẹ̀ bàbá mi ni mo jí láti wá wò lónìí, ẹ wá ń júwe rẹ̀ fún mi lára ògiri, ẹ ní n kò lè dé ibẹ̀, ẹ ní ọmọ ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀. Ta ni ó fi í fún yín?"

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà juwọ́ sí mi pé kí n fi sílẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó níwájú ìyá mi, ó lọ sílẹ̀ jù ú lọ díẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ọdẹ ni bàbá mi. Ìlú kan ní Òkè-Ògùn níbẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi pa ẹfọ̀n, ìwo rẹ̀ wà nílé wa títí di òní. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, mo ti pẹ́ gan-an nínú iṣẹ́ yìí kí n tó fojú kan ẹfọ̀n láàyè. Àwọn ọdẹ tí ẹ ń sọ, wọ́n ń yìnbọn fún àwa náà lóru. Òfin ni ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣọdẹ níbẹ̀, kí wọ́n má gé igi, kí wọ́n má da màlúù wọ̀ ọ́, kí wọ́n má tiná bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a fi òfin sílẹ̀ ná. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé ìsọ̀, ẹran wo ni ẹ ń tà?"

Ìyá gbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ ọjà ti dé, kò sì lè ṣe kí ó má fèsì. Ó ní, "Kí ogun Biafra tó bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi ti gbé igbá fún mi. Nígbà náà, itan ẹfọ̀n ń wọlé, ènìyàn méjì ni ó ń gbé e. Ìgalà ń wọlé lójoojúmọ́. Ẹtu ni à ń tà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀yà, a fi ń ṣe èènì fún oníbàárà pàtàkì nígbà mìíràn."

"Òkété ńkọ́?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Òkété? Ta ni í ka òkété sí ẹran nígbà náà?"

"Báyìí ńkọ́, Màmá? Láti oṣù tí ó kọjá wá, kí ni ó pọ̀ jù nínú igbá yín?"

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó gbé ìwo ìgalà náà padà sórí tábìlì ní ibi tí ó ti mú un.

"Òkété," ni ó wí.

Mo ti ka ìwé díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ igbó àti ẹranko, mo sì ti gbọ́ òye àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lórí rẹ̀. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti tajà kan fún 50 ọdún mọ iye tí ó kù nínú àká, bí kò tilẹ̀ fẹ́ ka iye náà sókè.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìbéèrè ìyá mi kò ní ìtumọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ dá irú ọgbà yìí sílẹ̀, ní Yellowstone ní ọdún 1872, àwọn onílẹ̀ tí ń ṣọdẹ níbẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni wọ́n lé kúrò. Ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú náà, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ti Ọ̀yọ́-Ilé yàtọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó ni ó lé àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé tí ó yí igbó náà ká lónìí, tí wọ́n sọ pé igbó ọdẹ bàbá àwọn ni, ẹ̀tọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sì yẹ kí ìjọba fi ìbọn nìkan dá wọn lóhùn.

Ọlọ tí ó wà lára àpáta

Ọmọkùnrin mi, èkejì, ni ó béèrè ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún wọn nílé: kí ni ó lé wọn? Mo ṣe é ní ṣókí. Mo sọ fún un pé Ọ̀yọ́-Ilé tóbi débi pé nígbà tí Clapperton àti Richard Lander dé ibẹ̀ ní ọdún 1826, ìròyìn rẹ̀ kún ìwé wọn. Lander sì tún padà wá ní 1830 pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀. Katunga ni wọ́n ń pè é, bí àwọn Hausa ti ń pè é. Mo sọ bí Àfọ̀njá tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ṣe kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, tí ó pe àlejò sí ìjà, tí àlejò sì gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo sọ ti ogun Ẹlẹ́dùúwẹ̀ tí ó pa Aláàfin Olúewu, àti bí àwọn tí ó kù ṣe kó ẹrù wọn, tí Àtìbà sì sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú ìtàn yìí, ọ̀dọ̀ Àlùfáà Samuel Johnson ni a ti mọ̀ ọ́n, òun náà sì ti ṣe tíṣà ní Àrẹ̀mọ ní Ìbàdàn rí. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, kò rí i ní títẹ̀ kí ó tó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Ọmọ náà ní, "Ìyẹn ni pé ìjà ara wọn ni ó tú wọn ká." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, àwọn ẹranko wá dé."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ fi kún un.

Ẹ̀ṣọ́ náà yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ó ti bá àwọn àlejò wọ Ọ̀yọ́-Ilé lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ya àwòrán. Gbogbo wa pa orí pọ̀. A rí òkìtì gígùn kan tí koríko bò, ó ní odi ìlú nìyẹn, àti pé odi náà pọ̀, ó ju ẹyọ kan lọ. A rí igi oṣè ràgàjì. Ó ní níbikíbi tí a bá ti rí oṣè nínú ọ̀dàn bẹ́ẹ̀, kí a máa wo ilẹ̀ dáadáa, ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. A rí àpáàdì tí ó fọ́n ká ilẹ̀ bí ewé, òmíràn ní ọnà lára. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn tiwa níbí wà nínú àwọn tí ó ti lọ wọn odi náà, tí wọ́n sì walẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ mú àpáàdì kan kúrò níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Nígbà náà ni ó kan àwòrán àpáta kan. Àpáta pẹlẹbẹ lásán ni lójú tèmi, tí ihò gígùn gígùn wà lára rẹ̀, tí ó dán. Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ọlọ ni."

Ẹ̀ṣọ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ nǹkan. Ọwọ́ ni ó jẹ ẹ́ wọlé bẹ́ẹ̀."

Ìyá fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa ojú fóònù náà, sókè sódò, bí ẹni ń lọ ata. Àwòrán náà ń sá lọ, ó ń padà wá. Àbíkẹ́yìn mi ní, "Ìyá àgbà, ẹ máa pa á rẹ́ o." Kò gbọ́. Ó béèrè pé, "Àwọn wo ni ó ń lọ̀ níbẹ̀?"

"Àwọn ìyá yín ni, Màmá."

N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí ó fi wo àpáta náà. Nígbà tí ó ṣe, ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ obì mẹ́rin náà, ó nà án sí ọkùnrin náà. "Nígbà tí o bá tún lọ, bá mi gbé e síbẹ̀. Ibi ọlọ yẹn ni kí o gbé e sí. Sọ fún wọn pé mo dé Ọ̀yọ́, ọmọ mi ni kò mọ ọ̀nà."

Ẹ̀ṣọ́ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó gba nọ́ńbà fóònù mi pẹ̀lú.

A jẹun lábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì, ẹ̀ṣọ́ náà bá wa jẹ àkàrà. Lẹ́yìn náà ni a gba ọ̀nà Akẹ̀sán, ọjà ọba. Mo sọ fún ìyá mi pé Akẹ̀sán ni orúkọ ọjà ọba ní Ọ̀yọ́-Ilé, pé Àtìbà ni ó gbé orúkọ náà wá sí ibí. Ó ní ó dára, ó kéré tán òun dé ọjà tí ó jẹ́ ọmọ ọjà àwọn. Ó ra igbá fínfín kan, ó nájà rẹ̀ títí obìnrin tí ó ń tà á fi pè é ní ará Ìbàdàn kí ó tó sọ ibi tí ó ti wá. Iná jó ọjà yẹn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Nígbà tí a gbọ́ ọ lórí rédíò, Ìyá gbé igbá náà sílẹ̀ láti orí àjà, ó nù ún, ó sì gbé e padà. Wọ́n ti tún ọjà náà kọ́.

A kò tíì dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹ̀ẹ̀rùn 2020 ni a dá, àrùn kòrónà sì sé gbogbo ènìyàn mọ́lé. Láti ìgbà náà, ìròyìn àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí n lè kó ọmọ àti àgbàlagbà gba ọ̀nà igbó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ó wù kí ẹ lọ, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ní Ìsokùn, tàbí kí ẹ rán ènìyàn síbẹ̀, kí wọ́n sọ fún yín bí ọ̀nà ti rí ní àkókò náà, ọkọ̀ tí yóò lè débẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ tí yóò bá yín lọ. Ẹ̀yin tíṣà, kí ẹ tó kó ọmọ ilé-ìwé lọ, ẹ wo máàpù.

Ní àárín ọyẹ́ ọdún tí a lọ náà, fóònù mi dún. Àwòrán ni. Obì mẹ́rin lórí àpáta, nínú ihò ọlọ, ewé gbígbẹ yí wọn ká. Mo sáré lọ sí ìsọ̀ Ìyá ní Ọjà'ba, mo fi hàn án. Ó wò ó fínnífínní, ó ní, "Kí ló dé tí kò la obì náà?" Mo ní bóyá ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n là. Ó ní, "Ọmọ ọdẹ! Ó mọ̀ ọ́n." Ó tún wò ó. Ó ní kí n ya àwòrán náà síta fún òun, ó sì wà ní iyàrá rẹ̀ títí di òní.

Ní ti òwò rẹ̀, kò fi í sílẹ̀, n kò sì ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dé, bí alágbàtà bá gbé ìgalà wá, yóò bi í pé igbó wo. Bí onítọ̀hún bá ń wo òkè wo ilẹ̀, kò ní rà á. Àwọn ìyá tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀ ń fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní Ìyá ti di ẹ̀ṣọ́ igbó. Ó wá gbọ́ pé àwọn kan ń sin ọ̀yà nílé bí a ti ń sin ewúrẹ́. Ó ní kí n bá òun wádìí rẹ̀, mo sì bá a wádìí rẹ̀: a ra akọ kan àti abo méjì, a fi pákó kan àgò fún wọn lẹ́yìnkùlé ní Bẹyẹrunka. Ẹni tí ó tà wọ́n fún wa ti sọ pé irin tàbí sìmẹ́ńtì ni kí a lò, eyín ọ̀yà kò mọ pákó sí nǹkan kan. Èmi ni mo ní pákó yóò tó.

Ní òru ọjọ́ kẹta, wọ́n jẹ àgò náà lu, wọ́n jáde. A rí méjì mú nínú ilé ìdáná. Ajá agboolé ti pa ẹ̀kẹta kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá kò wí nǹkan kan ju "Tíṣà" lọ. Ó gbé ọ̀yà náà, ó wí i níná, ó yan án, ó sì gbé e lọ sí Ọjà'ba nígbà tí ilẹ̀ mọ́.